Agbọ́n Kékeré Tí Ó Gba Ẹ̀gẹ́ Wa Sílẹ̀

Ogun ló pọ̀ jù nínú ìtàn tí a ń kọ́ ní kíláàsì. A kọ́ nípa ogun Jálumi, a kọ́ nípa ogun Kírìjì, a mọ orúkọ àwọn balógun, a sì mọ ọdún tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. N kò sọ pé kí á má kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjà kan wà tí a jà ní ilẹ̀ yìí láti 1979 títí di nǹkan bí 1990, tí ó kan oúnjẹ inú abọ́ gbogbo ilé, tí n kò tíì rí nínú ìwé ìtàn kankan tí a lò ní ilé ìwé wa. Ìbàdàn ni àgọ́ ìjà náà wà. Ọ̀tá tí a bá jà kò tó èékánná ọmọ tuntun. Jagunjagun tí ó bá wa ṣẹ́gun rẹ̀ tún kéré ju ọ̀tá náà lọ. Agbọ́n ni.

Ìtàn ìjà náà ni mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí wọ́n gba ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ìbéèrè wọn àkọ́kọ́ kì í ṣe, "Oògùn wo ni kí á dà lé e lórí?" Ìbéèrè òpìtàn ni wọ́n béèrè: "Níbo ni ó ti wá?"

Kí a tó dé orí ọ̀tá náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìtàn ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ rò pé láti ayé Odùduwà ni a ti ń mu gàrí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti ń gbìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn Potogí tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n padà wálé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí a ń pè ní Àgùdà, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe gàrí tàn kálẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ń sọdá òkun, kò kó gbogbo ará ilé rẹ̀ dání. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ ní ilé rẹ̀ dúró sẹ́yìn. Àwọn kòkòrò mìíràn tí ń pa àwọn tí ń jẹ ẹ́ náà dúró sẹ́yìn. Fún nǹkan bí 400 ọdún ni ẹ̀gẹ́ fi gbádùn àlàáfíà yìí ní Áfíríkà. Ó rọrùn láti gbìn, kò bẹ̀rù ọ̀dá, ó ń gbé inú ilẹ̀ de olówó rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1970 sókè, nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ènìyàn ní Áfíríkà ni ó gbójú lé e fún oúnjẹ òòjọ́.

Ní 1973, ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ìlú méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn ní etí odò Congo, wọ́n rí kòkòrò àjèjì kan lórí ẹ̀gẹ́. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a bu láfún wọ́n ọn lára. Ní 1977, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Danièle Matile-Ferrero, fún un ní orúkọ ìwé: Phenacoccus manihoti. Nínú àròkọ yìí, n óò máa pè é ní kòkòrò oníláfún.

Iṣẹ́ ibi kòkòrò oníláfún kò lẹ́gbẹ́. Abo ni gbogbo wọn, wọn kò sì nílò akọ kí wọ́n tó bímọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo dé oko, ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìdílé. Ṣóńṣó orí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń pọ̀ sí, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, wọn a máa fa omi ara rẹ̀ mu. Ewé á ká kò, igi á lọ́, kókó ara igi á sún mọ́ra, ìdàgbà á sì dúró. Ní oko tí ó bá ti ṣọṣẹ́ gan-an, nínú ẹ̀gẹ́ márùn-ún tí àgbẹ̀ ń retí, ó lè pàdánù mẹ́rin. Èyí tí ó tún burú ju èyí lọ ni pé igi ẹ̀gẹ́ tí ó ti lọ́ kò ṣe é gbìn dáadáa, nítorí náà ìyà ọdún yìí ń bí ìyà ọdún tí ń bọ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé igi ẹ̀gẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn ń gbé kòkòrò náà mọ́ ọn láìmọ̀. Ní àwọn ibì kan, ó ń rìn tó 300 kìlómítà lọ́dún. Ní 1979, ó wọ Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá ìyá mi, tí wọ́n ti ń yan gàrí láti ìgbà èwe wọn ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, bóyá wọ́n rántí àkókò náà. Wọ́n rántí. Wọ́n ní, "Ewé ẹ̀gẹ́ di ìkúùkù. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ẹfun á mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní igi ẹ̀gẹ́ tó dára láti gbìn nígbà náà, ọlọ́rọ̀ ni." Wọ́n sọ bí gàrí ṣe gbówó lórí ní ọdún ọ̀dá 1983, tí àwọn ń fi ìṣasùn kékeré wọn ọ́n fún àwọn ọmọ. Mo bi wọ́n pé, "Màmá Àgbà, kí ló wá lé kòkòrò náà lọ?" Wọ́n dáhùn pé, "Òjò ni, ọmọ mi. Ọlọ́run rọ̀jò, òjò sì wẹ̀ ẹ́ dànù." N óò padà sórí ìdáhùn yìí, nítorí ó ṣe pàtàkì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ní éékà kan tàbí méjì, níbo ni yóò ti rí owó oògùn tí yóò máa fín léraléra? Ẹfun ara kòkòrò náà jẹ́ ìda tí kì í jẹ́ kí omi oògùn tètè wọlé. Ní Congo, wọ́n tún ń fi ewé ẹ̀gẹ́ se ọbẹ̀, kò sì yẹ kí á máa fín májèlé sí ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ.

Ní 1979 kan náà ni onímọ̀ kòkòrò kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, Hans Rudolf Herren, dé Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ ní IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Èrò tirẹ̀ ni pé bí kòkòrò yìí bá jẹ́ àjèjì ní Áfíríkà, a jẹ́ pé ó ní ilé. Bí ẹ̀gẹ́ bá sì wà ní ilé náà títí di òní láìparun, a jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ń kápá kòkòrò náà. Kí á lọ wá ohun náà.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé àtijọ́ kan láti gúúsù China, ní nǹkan bí ọdún 304, sọ pé wọ́n ń ta ilé èèrà lọ́jà fún àwọn olóko ọsàn, kí àwọn èèrà náà lè máa pa kòkòrò orí ọsàn. Ní California ní Amẹ́ríkà, kòkòrò kan tí ó wá láti Australia fẹ́ pa gbogbo oko ọsàn run. Ní 1888, ìjọba rán Albert Koebele lọ sí Australia, ó sì rí kòkòrò pupa kékeré kan tí ó ní àmì dúdú lẹ́yìn, tí ń jẹ kòkòrò náà. Láàárín bí ọdún méjì tí wọ́n kó o dé California, àwọn olóko ọsàn ti bọ́. Nítorí náà, Herren kò dá ọgbọ́n tuntun. Ó ka ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì gbà pé ó tún lè ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gúúsù Amẹ́ríkà fẹ̀. Àwọn awákiri kọ́kọ́ rí kòkòrò funfun kan lórí ẹ̀gẹ́ ní ìhà àríwá rẹ̀. Inú wọn dùn, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe òun. Ó jọ ọ́ ni, kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò sì wúlò fún ìjà ti Áfíríkà. Ní 1981, wọ́n sọ kòkòrò tí kì í ṣe òun yìí ní Phenacoccus herreni, ní orúkọ Herren. Ní ọdún kan náà, Anthony Bellotti, onímọ̀ kòkòrò ní àjọ CIAT tí ó wà ní Cali ní Colombia, rí kòkòrò oníláfún gan-an ní Paraguay. Kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ohun tí ń fa ìyàn ní Congo, àfi kí ènìyàn fara balẹ̀ wá a ní Paraguay kí ó tó rí i. Èyí gan-an ni ẹ̀rí pé ohun tí wọ́n ń wá kò jìnnà síbẹ̀.

Lára àwọn ọ̀tá tí wọ́n bá lórí rẹ̀ ni agbọ́n wẹ́wẹ́ kan, tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà kan sí méjì lọ. Epidinocarsis lopezi ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Lónìí, Anagyrus lopezi ni. Kì í ta ènìyàn. Abo agbọ́n náà á fi ìdí rẹ̀ gún kòkòrò oníláfún, á sì yé ẹyin sí i nínú. Ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Kòkòrò á kú, ara rẹ̀ á le bí èèpo, agbọ́n tuntun á sì dá a lu, á fò jáde, á tún lọ wá kòkòrò mìíràn. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Wọn kò kàn kó agbọ́n náà wọ bàálù wá sí Ìbàdàn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi sí àhámọ́ níbẹ̀ láti rí i pé kò gbé àrùn tàbí kòkòrò mìíràn dání, àti pé kò ní yí padà kọjú sí ohun tí a kò rán an sí. Mo fẹ́ kí á ṣàkíyèsí èyí, nítorí àìbéèrè ló kó wa sí wàhálà lákọ̀ọ́kọ́: àfàìmọ̀ ni kì í ṣe igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnìkan gbé wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò ló gbé kòkòrò oníláfún dé. Kò yẹ kí oògùn gba ọ̀nà tí àìsàn gbà wọlé.

Ní òpin 1981, wọ́n tú àwọn agbọ́n àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní oko IITA ní Ìbàdàn. Wọ́n yé, wọ́n pọ̀, wọ́n la ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò já. Láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n ti tàn ká ilẹ̀ tí ó ju 200,000 kìlómítà níbùú-lóòró lọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin agbọ́n náà lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń fi mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú pín in ká. Ní 1988, ilé iṣẹ́ náà ní ibùdó tirẹ̀ lẹ́bàá Cotonou ní Benin. Nígbà tí ó fi máa di 1990, agbọ́n náà ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Richard Norgaard, ṣe ìṣirò ní 1988 pé dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ná sí iṣẹ́ náà mú èrè tó 149 dọ́là wá fún àwọn àgbẹ̀. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize. Àgbẹ̀ kan kò san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìdáhùn Màmá Àgbà. Ṣé òjò ni àbí agbọ́n? Òpìtàn kì í já ẹ̀rí àgbà sílẹ̀ nítorí pé ó yàtọ̀ sí ti ìwé. Ṣe ni ó máa ń yẹ méjèèjì wò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Òjò ńlá a máa fọ kòkòrò oníláfún dànù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lọ́dọọdún láti 1979, kòkòrò náà sì ń padà wá ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí a ní láti ṣàlàyé ni ìdí tí kò fi padà wá bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ ní IITA, tí Peter Neuenschwander wà lára wọn, dán an wò nínú oko. Wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ṣóńṣó ẹ̀gẹ́ kan tí kòkòrò wà lórí rẹ̀, kí agbọ́n má lè wọlé. Wọ́n fi òmíràn sínú aṣọ kan náà ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Oko kan náà ni, ojú ọjọ́ kan náà ni. Níbi tí agbọ́n kò ti lè wọlé, kòkòrò pọ̀ lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ibi tí ó ti lè wọlé lọ. Wọ́n tún mú oògùn apakòkòrò tí ó ń pa agbọ́n ṣùgbọ́n tí kò ran kòkòrò oníláfún tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fín in sí ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fín oògùn sí ni kòkòrò pọ̀ sí jù. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá Àgbà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "A jẹ́ pé Ọlọ́run rán méjèèjì." N kò bá wọn jiyàn.

Agbọ́n náà kì í ṣe idán. Ní ilẹ̀ iyanrìn tí kò lọ́ràá, ẹ̀gẹ́ a máa rù, kòkòrò ara rẹ̀ a sì máa kéré jù fún agbọ́n láti fi tọ́ ọmọ tó pọ̀. Níbẹ̀, kí àgbẹ̀ fi koríko bo ilẹ̀ oko rẹ̀ wà lára oògùn náà. Kòkòrò ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti ewéko gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ewéko yìí ni ó gbé ìtàn náà lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní 1994, Herren kúrò ní IITA, ó lọ darí àjọ icipe ní Nairobi ní Kenya. Níbẹ̀ ni Zeyaur Khan àti àwọn onímọ̀ láti Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá ojútùú sí ìdin tí ń jẹ inú igi àgbàdo. Wọ́n gbin ewéko kan tí ń jẹ́ desmodium sáàárín ẹ̀bẹ̀ àgbàdo. Òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná tí ń yé ìdin náà sẹ́yìn. Wọ́n gbin koríko eèsún yí oko ká. Òórùn tirẹ̀ ń fa àfòpiná mọ́ra, yóò yé ẹyin síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdin tí ó bá pa níbẹ̀ ni oje eèsún máa ń mú mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ń lé, ọ̀kan ń fà. Desmodium tún ń dí Striga lọ́wọ́, èpò burúkú tí ń fa oúnjẹ àgbàdo mu láti gbòǹgbò, màlúù sì ń jẹ desmodium àti eèsún. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan náà fi hàn pé koríko mìíràn wà tí òórùn rẹ̀ ń pe àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ wá sí oko àgbàdo láti wá pa ìdin.

Nígbà tí mo ka èyí, oko àwọn bàbá wa ni mo rántí, níbi tí ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà ti ń gbé pọ̀. Wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pé àgbẹ̀ ìgbàlódé ní í máa gbin irúgbìn kan ṣoṣo ní ìlà tí ó tọ́. Mo rò pé ó yẹ kí á tún èyí rò. N kò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn bàbá wa ṣe ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ewéko kan lè ṣọ́ èkejì.

Kí ni ìtàn yìí wá fẹ́ kí á ṣe? Lóde òní, pọ́ńpù oògùn wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, àti àgbàlagbà àti ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá ti rí kòkòrò kan lórí ewé, wọ́n á fín in, láìbéèrè bóyá ọ̀tá ni tàbí olùgbèjà. Oògùn kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí a bá pa àwọn agbọ́n wọ̀nyí tán nínú oko wa, kò sí ohun tí yóò dí kòkòrò oníláfún lọ́wọ́ láti padà, nítorí kò lọ síbi kankan; ó ṣì wà, ó kàn rí ẹni tí ń ká a lọ́wọ́ kò ni. Àwọn ará Thailand mọ èyí. Nígbà tí kòkòrò náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní 2008, Benin ni agbọ́n ti lọ bá wọn ní 2009. Áfíríkà tí ó gba ìrànlọ́wọ́ láti Paraguay ni ó wá ń ran Asia lọ́wọ́.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí orí ìwé kan nípa Ìbàdàn ní 1981 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogun Kírìjì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn wa. Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ní oko, kí ẹ tó gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ewé náà dáadáa. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tí ihò róbótó wà lára rẹ̀, ẹ fi pọ́ńpù sílẹ̀. Agbọ́n ti débẹ̀ ṣáájú yín.